Gbólóhùn Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ẹ̀rí Mọ́mì Télọ̀

Tábìlì kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, tábìlì ìjẹun àwọn òbí mi ní Fẹ́sítáàkì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, tí a bá ti palẹ̀ àwo mọ́ tán, màá nù ún, màá gbé báírò pupa kan, àlùmọ́gàjí kan àti àpòòwé ńlá kan lé e, ó di ọ́fíìsì mi nìyẹn. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ibi tí mo lè sá gbà. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń jẹun, ibi tí mo ti ń jẹun náà sì ni bàbá mi ti ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò rí iṣẹ́ gidi.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀ ni, ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ni mo sì kà ní yunifásítì. Ní àwọn ọdún yẹn, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, àwọn ará àdúgbò wa kò mọ ohun tí à ń fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Bọ̀dá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa sọ mí ní Dókítà Wèrè. Bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, á na ojú rẹ̀ sí mi, á ní, "Dókítà Wèrè, wò mí dáadáa, ṣé ó ti ń bẹ̀rẹ̀?" Màá rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n màá rẹ́rìn-ín, nítorí mo jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Bí ẹnìkan bá wò mí ní ìwòkuwò ní àárọ̀, màá máa ronú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn.

Ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Àmúwò ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló ń darí rẹ̀, Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni mò ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, èmi ni mò ń kọ ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà màá jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, màá máa wo bí Ọ̀gá ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Dókítà tó ń kọ oògùn máa ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tí mò ń retí níbẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ. Mo fẹ́ padà sí yunifásítì fún oyè kejì, fọ́ọ̀mù náà sì ń béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà. Láìsí lẹ́tà Ọ̀gá, n óò wà lórí àtẹ̀gùn ilé wa, n óò máa rẹ́rìn-ín sí bọ̀dá ìsàlẹ̀ títí irun mi yóò fi funfun.

Iṣẹ́ kejì ni ti ìwé kíkọ. Mo lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri ilé kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́bàá ilé wa pé mo lè kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń kọ̀wé, mo sì lè bá a tún èyí tó ti kọ ṣe. Àwọn tó wá máa ń rò pé èmi ni n óò bá wọn kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ wá pé òun ń lọ sí Mazamaza, òun á yà gbà á tí òun bá ń bọ̀, àfi bí ẹni gbé aṣọ fún alágbàfọ̀. Mo kọ̀. Mo ní kí ó jókòó, kí ó kọ ọ́ lójú mi. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn nígbà náà pé ẹni tó bá lè to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ọkàn rẹ̀ náà á tò. Mo ṣì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti ń fi ìṣọ́ra sọ ọ́.

Ọ̀gá mọ̀ nípa tábìlì mi. Kò kọ̀ ọ́. Òfin kan ṣoṣo ni ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, kò gbọdọ̀ jókòó sídìí tábìlì rẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún un sọ. Mo tún dáhùn pé mo ti gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ìdẹkùn ni pé Fẹ́sítáàkì kò tóbi bí àwọn tí kò gbé ibẹ̀ ṣe rò. Ẹni tí o bá rí lórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ àti rẹ̀ ni ẹ óò jọ gbé ọwọ́ sókè nínú ìjọ kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi.

Nínú ìjọ wa, ènìyàn kì í ṣàdéédé dìde jẹ́rìí. Ó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀, ojú ìwé kan péré, kí ó gbé e wá ní ọjọ́ Ẹtì fún bọ̀dá tó ń bójú tó ẹ̀rí. Bọ̀dá yìí á kà á, á fi gègé fagi lé ohun tó bá gùn jù, á sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́ta lo ní níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohun tó wà lórí ìwé yẹn nìkan sì ni o gbọdọ̀ sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìjọ fi ń wá sídìí tábìlì mi. Ẹni tí Ọlọ́run ti ṣe oore fún lọ́dún kan gbáko, báwo ni yóò ṣe kó o sí ojú ìwé kan?

Mọ́mì Télọ̀ di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Fọ́ọ̀tì Áfẹ́níù. Mo mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú fáìlì ní Àmúwò: àwọn olè wọ ọgbà ṣọ́ọ̀bù náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn títí wọ́n fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti fò lójú rẹ̀. Ó ní ìró ẹsẹ̀ yẹn kò lọ pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn, tó sì ń bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ni oorun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà díẹ̀díẹ̀.

Ó ní òun gbọ́ pé mo máa ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń kọ ẹ̀rí. Mo ní ọwọ́ mi dí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo mọ ibi tí o ti mọ̀ mí. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ọ. Tí mo bá gbé e lọ bá ẹlòmíì, màá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí ilẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, mi ò sì rí ìdí pàtàkì kankan tí mi ò fi sọ ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú ni. Ọwọ́ rẹ̀ móoru, ó ń wò mí bí ẹni tó ti mọ̀ pé n óò gbà, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò yí ojú yẹn padà. Mo ní kí ó wá ní Sátidé.

Ó gbé ojú ìwé mẹ́rin wá, ó kọ gbogbo rẹ̀ ní kíkún, láìsí àlàfo kankan. Mo ṣàlàyé ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ fún un. Màá ní kí ènìyàn fi àlùmọ́gàjí gé ìwé rẹ̀ sí gbólóhùn gbólóhùn, kí ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń to ayò, kí ó wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Kí ni ìwọ ń ṣe níbí?" Èyí tí kò bá rí èsì fún un, inú àpòòwé ni yóò lọ. Mọ́mì Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Tíṣà, ṣé iṣẹ́ mi lo tún fẹ́ kọ́ mi?"

Ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. Mi ò rí ẹni tó gé ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Kò wọ́, kò já, gbogbo ègé náà dọ́gba bí ìgbànú. Láàárín wákàtí kan a ti kó ìdajì wọn sínú àpòòwé. Bí ó ti ku díẹ̀ kí a parí ni mo mú ègé kan sọ́wọ́. Ohun tó kọ sí i nìyí: "Mò ń lo oògùn tí wọ́n fún mi ní Àmúwò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ń ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Mọ́mì, èyí náà lè kúrò. Ọ̀rọ̀ ohun tí Ọlọ́run ṣe ni à ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí náà dojú kọ ibì kan ṣoṣo."

Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú. Ní òtítọ́, "Àmúwò" tí mo rí lórí ègé ìwé yẹn ni mo ń rò. Mo rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe kà á níwájú gbogbo ìjọ, bí ẹnìkan yóò ṣe bi í pé ilé ìtọ́jú wo ni, bí ẹlòmíràn yóò ṣe ní, ṣé kì í ṣe ibi tí ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ ni, òun kọ́ ló bá ọ kọ ọ́, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé etí Ọ̀gá, tí lẹ́tà mi yóò sì lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì wọ aṣọ òfin ìwé kíkọ fún ẹ̀rù náà. Mo fi ọwọ́ ara mi ju ègé náà sínú àpòòwé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mi ò rí Mọ́mì Télọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ fún ara mi pé bóyá aṣọ àwọn oníbàárà ló dá a dúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, káàdì rẹ̀ tún wà níbi tí mo fi í sí. Mo fà á jáde, mo dá a padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Ó dá wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó sì ń dá ara rẹ̀ dúró láàárín ọ̀rọ̀ láti fetí sí nǹkan tí èmi kò gbọ́. Ó ní òun ti kọ́ ẹ̀rí náà sórí, kí n jókòó kí n gbọ́ ọ. Lórí tábìlì rẹ̀ ni bùláòsì léèsì kan wà tó ń rán lọ́wọ́. Mo wò ó, mo tún un wò. Apá òsì méjì ló gé fún un. Obìnrin tó ti rán aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún.

Mo bi í bóyá ó ń sùn. Ó ní kò burú. Mo bi í nípa oògùn.

Ó ní, "Mo ti fi í sílẹ̀."

Mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Láti Sátidé tí a gé e kúrò. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ níwájú Ọlọ́run, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Mi ò lè dúró níbẹ̀ kí n jẹ́rìí tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, kí n wá délé kí n máa lo oògùn. Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

Mi ò mọ bí n óò ṣe ṣàlàyé bí ó ti rí lára mi. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà rọra ṣí, ṣùgbọ́n mi ò já bọ́, mo kàn dúró sórí ihò náà. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Kò jẹ̀bi. Ọkàn rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ ni. Èmi gé òtítọ́ kúrò lórí ìwé kí ìwé lè bá ẹ̀rù mi mu. Òun gé e kúrò nínú ayé rẹ̀ kí ayé rẹ̀ lè bá ìwé mu.

Mo sọ fún un pé kí a dá gbólóhùn náà padà. Ó mi orí. Ó ní aṣọ tí a bá ti gé, a kì í bẹ̀ ẹ́ kó hù padà. Ó ní èmi náà ni mo sọ pé gbólóhùn náà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ó sì tún gbé bùláòsì alápá òsì méjì yẹn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e sínú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ méjì ni, kí ẹ má ba à rò pé mo sáré lọ jẹ́wọ́ bí ènìyàn rere. Bí mo bá sọ fún Ọ̀gá, lẹ́tà mi lọ. Bí mi ò bá sọ, obìnrin yẹn á máa rìn lọ sínú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé e kalẹ̀ báyìí, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí à ń rò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó. Mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, bàbá mi ń bi mí bóyá fọ́ọ̀mù mi ti délé, mo ní ó kù díẹ̀, mo sì ń rò ó. Inú bí mi sí Mọ́mì Télọ̀ pàápàá, pé kí ló dé tó fi gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí pé inú bí mi.

Ní ọjọ́bọ̀, mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ó ṣe di ọwọ́ mi mú, mo ń ṣàlàyé, mo ń ṣàlàyé àlàyé, títí ó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ìgbà wo ló lo oògùn kẹ́yìn?"

Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí bóyá ègé ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà nínú àpòòwé, nínú báàgì mi. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

A wọ kabúkabú dé Fọ́ọ̀tì Áfẹ́níù. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ó kí Mọ́mì Télọ̀ bí àgbà ṣe ń kí àgbà, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ilé, ó gbé bùláòsì yẹn lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Màmá, ta ló ni apá òsì méjì?" Mọ́mì Télọ̀ gba aṣọ náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó rí àṣìṣe náà. Ó jókòó.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Sọ fún wọn. Kà á fún wọn kó o tó sọ."

Mo yọ ègé ìwé náà, mo kà á sókè. Mo ní, "Mọ́mì, èyí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Kì í ṣe torí ẹ̀rí yín ni mo ṣe gé e. Torí ara mi ni. Ẹ̀rù ló bà mí kí wọ́n má lọ mọ̀ pé mo bá yín ṣiṣẹ́."

Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ń wò mí, bí ó ti ṣe wò mí ní Sátidé yẹn nígbà tó bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò dá ọ lójú. Mo rò pé ìwé lo mọ̀ jù mí lọ."

Ọ̀gá pe dókítà níbẹ̀, ó gbé fóònù fún Mọ́mì Télọ̀, òun àti dókítà sì sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí bí yóò ṣe padà sídìí oògùn rẹ̀. Kí a tó kúrò, Mọ́mì Télọ̀ ní kí n mú ègé ìwé náà wá. Ó yọ pínnì kan láti ara tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di aṣọ mú kí wọ́n tó rán an, ó sì fi í di ègé náà mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀.

Ó ní kí n bá òun gbé ẹ̀rí náà lọ ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì lọ. Bọ̀dá tó ń bójú tó ẹ̀rí kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ojú rẹ̀ fi dé ibi pínnì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ èyí. Ó ti dára láìsí i. Kí àwọn ènìyàn má lọ rò pé oògùn là ń polówó."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Sátidé yẹn gan-an ló tún sọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Mọ́mì Télọ̀ bi í ní pẹ̀lẹ́tù pé, "Bọ̀dá, bùláòsì tí kò lápá, ṣé ìyàwó yín lè wọ̀ ọ́ wá sí ìsìn?" Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín gan-an, ó ní ìyàwó òun kò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mọ́mì Télọ̀ ní òun kò bínú. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé rẹ̀, ó ká a sínú Bíbélì rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn mẹ́rin jẹ́rìí. Ó pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn.

Ọ̀gá kọ lẹ́tà mi. Mo bi í bóyá yóò kọ ọ́ ṣá, ó ní òun á kọ ohun tí òun rí. Ó lẹ àpòòwé náà, ó lu òòtẹ̀ lé ibi tó lẹ̀, ó gbé e fún mi. Èmi tí mo ń ka ìwé gbogbo ènìyàn, mo gbé e káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fi í ránṣẹ́, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí di òní. Wọn kò gbà mí lọ́dún náà. Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà ni tàbí máàkì mi, mo sì ti rò ó láti ọ̀nà méjèèjì débi pé àwọn méjèèjì ń dùn mí bákan náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìsinmi yẹn, Mọ́mì Télọ̀ ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀. Mo gba káàdì rẹ̀. Ó tẹ̀ sí mi, ó bi mí bóyá kí òun máa bọ̀ ní Sátidé, torí òun fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ báyìí, kì í ṣe fún ìjọ, ojú ìwé mẹ́rin náà, kí òun fi kún un.

Mo ní, "Mọ́mì, mi ò lè gbà yín sídìí tábìlì mọ́. Òfin ibí ni."

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí, láìsí ìbínú, pé, "Ta ni yóò wá máa ka tèmi?"

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti na káàdì tirẹ̀ sí mi. Mo gbà á.